D. O. FÁGÚNWÀ ÀTI AGBÁRA OJÚ INÚ

Kò sí ohun tí ọmọ ènìyàn fi ọwọ́ ṣe tí kò kọ́kọ́ fi ọkàn ṣe. Kí mọlémọlé tó gbé amọ̀ lé amọ̀, ó ti rí ilé náà ní ojú inú rẹ̀, ó ti mọ ibi tí ìlẹ̀kùn yóò wà àti ibi tí fèrèsé yóò kọjú sí. Kí aláró tó ti aṣọ bọ inú ìkòkò, ó ti mọ irú àwọ̀ tí òun ń fẹ́. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ti Àrándùn lọ sí Ẹ̀sìẹ́, ìlú tí kò jìnnà sí i ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, yóò rí àwọn ère òkúta tí iye wọn lé ní 1,000 nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1945, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin sì wà. Àwọn kan jókòó, àwọn kan di ohun ìjà mú, àwọn kan sì di ohun èlò orin mú. Àwọn tí ó gbẹ́ wọn kò fi orúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan dájú: kí wọ́n tó fi irin kan òkúta, wọ́n ti rí ènìyàn nínú òkúta.

Bí ó ti rí ní Ẹ̀sìẹ́ ni ó rí ní gbogbo ayé. Láti ìgbà láéláé ni àwọn ènìyàn ti ń lá àlá pé àwọn ń fò bí ẹyẹ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a rọ́ àlá náà fún ara wọn, wọn a rẹ́rìn-ín, olúkúlùkù a sì gba oko rẹ̀ lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1903, ọmọ ìyá méjì kan ní Amẹ́ríkà, Wilbur àti Orville Wright, gbé ọkọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe jáde, ọkọ̀ náà sì fò ní òfuurufú. Ìṣẹ́jú àáyá 12 péré ni ó fi fò ní ìgbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àlá fífò ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ohun tí ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kò ju èyí lọ pé nígbà tí wọ́n jí lójú àlá, wọ́n mú irinṣẹ́.

Ní ọdún 1903 yìí kan náà ni a bí ọmọkùnrin kan ní ìlú Òkè-Igbó ní ilẹ̀ Yorùbá. Òun kò ṣe ọkọ̀ òfuurufú, kò sì gbẹ́ òkúta. Èdè ni ó fi ṣe ohun èlò tirẹ̀, ó sì fi í kọ́ igbó kan tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ̀ rí, ṣùgbọ́n tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti wọ̀ láti ìgbà náà wá. Orúkọ rẹ̀ ni Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà.

Òkè-Igbó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti òde òní, kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Ifẹ̀. Ní ayé àwọn ogun ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Adérìn Ológbenla, jagunjagun pàtàkì láti Ifẹ̀, ni ó jẹ́ olórí níbẹ̀. Orúkọ ìlú náà kò purọ́. Igbó kìjikìji ni ó yí i ká, igbó tí ìrókò àti àràbà ti ga ju òrùlé lọ, tí oòrùn ọ̀sán gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè dé ilẹ̀. Ní àkókò náà, àwọn ènìyàn gbà pé ẹranko nìkan kọ́ ni ó ń gbé inú irú igbó bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé iwin ń bẹ níbẹ̀, pé ẹgbére ń bẹ níbẹ̀, àti pé ọdẹ tí ó bá fi òru wọ ibẹ̀ láìmúra kò ní padà wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Joshua Akíntúndé Fágúnwà ni bàbá ọmọ náà ń jẹ́, Rachel Ọ̀ṣunyọ̀mí sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ wọ̀nyí ti gbọ́ ìtàn ìdílé náà. Joshua àti Rachel ti inú Bíbélì wá. Ṣùgbọ́n Ifá ń bẹ nínú Fágúnwà, Ọ̀ṣun sì ń bẹ nínú Ọ̀ṣunyọ̀mí. Ìdílé tí ó ti ń bọ òrìṣà tẹ́lẹ̀ ni, kí tọkọtaya náà tó di onígbàgbọ́. Ọmọ náà pàápàá ń jẹ́ Orówọlé, orúkọ tí ó sọ pé Orò ti wọ inú ilé. Nígbà tí ó dàgbà ni ó fi Ọlọ́runfẹ́mi rọ́pò rẹ̀. Báyìí ni ó fi jẹ́ pé láti kékeré ni ó ti dúró sí ojú ọ̀nà méjì. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún ní etí kan, ìró ìlù àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ sì ń dún ní etí kejì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìgbà náà ni a tọ́ dàgbà pé kí wọ́n di etí kan kí wọ́n tó lè fi èkejì gbọ́ ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí Fágúnwà ṣe ní ẹ̀yìn ọ̀la fi hàn pé òun kò di èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ní ayé ìgbà náà, kò sí rédíò nínú ilé, kò sí sinimá ní ìgboro. Bí alẹ́ bá lẹ́, tí a bá ti jẹun tán, àwọn àgbà a pe àwọn ọmọ jọ, wọn a pa àlọ́ fún wọn. Àwọn ọdẹ tí ó ti inú igbó dé a máa sọ ohun tí wọ́n rí, wọn a sì máa fi díẹ̀ kún un. Ọmọ tí ó bá jókòó ní àárín wọn kò ní rí igbó náà ní ojú lásán, nítorí ilẹ̀ ti ṣú. Ojú inú rẹ̀ ni yóò fi rí i. Òun ni yóò fún iwin náà ní ìrísí, òun ni yóò mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Fágúnwà lọ nìyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí pátákó níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ka orúkọ akẹ́kọ̀ọ́.

Ní ọdún 1916, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Luke's ní Òkè-Igbó, níbi tí ó ti kọ́ ìwé kíkà. Lẹ́yìn tí ó parí níbẹ̀, ó fi ọdún kan ṣe olùkọ́ kékeré, lẹ́yìn èyí ni ó lọ sí kọ́lẹ́jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1926 láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ó jáde ní ọdún 1929. Láti ọdún 1930 títí di ọdún 1939 ni ó fi ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé tí ó wà lábẹ́ kọ́lẹ́jì náà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ti ń fi iṣẹ́ dánrawò.

Ọ̀yọ́ tí ó lọ yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn rẹ̀. Èdè tí a ń sọ ní Òkè-Igbó kò rí bákan náà pẹ̀lú èdè Ọ̀yọ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìgbómìnà ti mọ̀ pé bí ìyá òun ti ń sọ̀rọ̀ ní ìdí ààrò kọ́ ni olùkọ́ òun ṣe ń kọ ọ́ sí ojú pátákó. Yorùbá tí a fi ń kọ ìwé dúró púpọ̀ lórí èdè Ọ̀yọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ará Èkó àti ará Èkìtì, ará Ìjẹ̀bú àti ará Òmù-Àrán lè ka ìwé kan náà gbọ́dọ̀ mọ èdè àjùmọ̀lò yìí ní àmọ̀dájú. Ọ̀yọ́ ni Fágúnwà ti mọ̀ ọ́n. Ó gbé ìtàn igbó ilé rẹ̀ wá sí ibẹ̀, ó sì rí èdè tí yóò gbé e dé ilé gbogbo Yorùbá.

Kí ni Yorùbá ní láti kà ní ìgbà náà? Bíbélì ni olórí. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀, odindi Bíbélì sì ti jáde ní èdè Yorùbá ní ọdún 1884. Ìwé orin ń bẹ, ìwé àdúrà ń bẹ, ìwé a-b-d ń bẹ fún àwọn ọmọdé. Ìwé kan tún wà tí àwọn onígbàgbọ́ fẹ́ràn, èyí tí David Hinderer túmọ̀ láti inú iṣẹ́ John Bunyan, ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí a jù sí ẹ̀wọ̀n nítorí ìwàásù. Bunyan kọ ìwé tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlá: ó ní òun sùn, òun sì rí ọkùnrin kan tí ó ru ẹrù wúwo ní ọ̀nà àjò. Ní Èkó pẹ̀lú, I. B. Thomas ti tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, kí ó tó sọ ọ́ di odindi ìwé ní ọdún 1930. Ìtàn obìnrin ìgboro ni, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n igbó, ọdẹ, iwin àti àlọ́, gbogbo ohun tí Yorùbá ti fi ojú inú rí láti ìrandíran, kò tíì sí ẹni tí ó sọ wọ́n di ìwé ìtàn gígùn.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ipò àti owó oṣù. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì yóò jìyà. Ojú tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fi ń wo àlọ́ ni ojú tí wọ́n fi ń wo aṣọ tí ọmọ ti dàgbà jù. Wọ́n gbà pé Yorùbá dára fún ọjà, ó dára fún àdúrà, ó sì dára fún ìkíni. Ṣùgbọ́n pé kí ènìyàn fi í kọ ìtàn tí àgbàlagbà yóò jókòó kà fún ọjọ́ mélòó kan, ta ni ó ti rí irú rẹ̀ rí? Nígbà tí ojú kò bá tíì rí ohun kan rí, ojú inú nìkan ni ó lè jẹ́rìí pé ó ṣeé ṣe.

Ní ọdún 1936, ẹ̀ka ìjọba tí ó ń bójútó ètò ẹ̀kọ́ kéde ìdíje ìwé kíkọ. Fágúnwà jẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ ní ìgbà náà, ó sì ti tó ẹni ọdún 33. Ó mú kálàmù. Ìwé tí ó kọ ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, èyí tí ilé ìtàwé ìjọ C.M.S. tẹ̀ jáde ní ọdún 1938.

Ìtàn ọdẹ kan tí ó ń jẹ́ Àkàrà-oògùn ni. Ọkùnrin yìí wá bá akọ̀wé kan, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó bá òun kọ ìtàn ìgbésí ayé òun sílẹ̀ kí ó má baà parun. Ó sọ bí òun ti wọ Igbó Irúnmalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àti irú ìyà tí àwọn ẹbọra fi jẹ òun níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọba rán an ní iṣẹ́ sí Òkè Láńgbòdó kí ó lọ mú ohun tí yóò ṣe ìlú ní àǹfààní wá. Kò dá nìkan lọ. Kàkó bá a lọ, Ìmọ̀dòye bá a lọ, Olóhùn-iyọ̀ àti Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ bá a lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni Èfòìyẹ̀ àti Àràmàdà-òkúnrin. Ọ̀kan lágbára, ọ̀kan lóye, ọ̀kan mọ orin kọ, ọ̀kan mọ ọfà ta. Ohun tí ọ̀kan kò ní, èkejì ní in. Nígbà tí wọ́n la ewu kọjá, tí wọ́n dé Òkè Láńgbòdó, kì í ṣe wúrà ni wọ́n bá níbẹ̀. Bàbá àgbà kan tí ń jẹ́ Ìrágbèje ni ó gbà wọ́n sí ilé, ọgbọ́n ni ó sì fi bọ́ wọn ní ọjọ́ méje.

Ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí lè rò pé òǹkọ̀wé náà dì mú afẹ́fẹ́ ni, tí ó sì sọ ọ́ di igbó. Ṣùgbọ́n ojú inú kì í ṣiṣẹ́ báyẹn. Igbó tí ó kọ́kọ́ rí ní Òkè-Igbó ni ó ń bẹ nínú ìwé náà. Àwọn ọdẹ ìlú rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, àlọ́ alẹ́ ń bẹ níbẹ̀, oríkì, òwe àti ọfọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi ń bẹ níbẹ̀, ìrìn-àjò eléwu irú ti Bunyan sì ń bẹ níbẹ̀. Gbogbo ọmọ Òkè-Igbó ni ó ní àwọn nǹkan wọ̀nyí bí Fágúnwà ti ní wọn. Ata, epo, iyọ̀ àti ẹ̀fọ́ ń bẹ ní ọjà fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n wọn kì í di ọbẹ̀ fúnra wọn. Agbára ojú inú ni pé ó lè kó ohun tí ó wà káàkiri jọ sí ojú kan, kí ó sì rí nínú wọn ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí.

Ojú inú nìkan kò sì tó. Ẹ jẹ́ kí a ro iye alẹ́ tí olùkọ́ tí ó ti kọ́ ọmọ láti òwúrọ̀ yóò fi jókòó sí iwájú fìtílà kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó lè parí. Ọ̀rọ̀ tí Fágúnwà lò kò rọ̀ mọ́ ara wọn lásán. Ó máa ń to gbólóhùn lé gbólóhùn bí ẹni tí ń lu ìlù, ó máa ń pe ohun kan ní orúkọ mẹ́ta mẹ́rin títí yóò fi kún ẹnu, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dá ẹ̀rín pa òǹkàwé lẹ́yìn ẹ̀rù. Iṣẹ́ ọwọ́ nìyí, gẹ́gẹ́ bí aṣọ òfì ti jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí kò bá lè jókòó ti òfì, bí ó ti wù kí aṣọ dára tó ní ọkàn rẹ̀, ìhòòhò ni yóò wà.

Àwọn ènìyàn fi ayọ̀ gba ìwé náà. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kà á ní kíláàsì, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé. Níbẹ̀ ni àwọn tí kò mọ ìwé ti jókòó yí òǹkàwé ká, tí wọ́n ń gbọ́ ọ bí wọ́n ti ń gbọ́ àlọ́. Ohun tí ó ti inú àgbàlá jáde wọ inú ìwé tún ti inú ìwé padà sí àgbàlá. A tún un tẹ̀ ní àìmọye ìgbà. Ìbéèrè bóyá Yorùbá lè gbé ìtàn gígùn ti rí ìdáhùn, kì í ṣe nípa àríyànjiyàn, bí kò ṣe nípa ìwé tí ènìyàn lè fi ọwọ́ mú.

Ọdún mọ́kànlá kọjá kí ìtàn gígùn mìíràn tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ogun ńlá àgbáyé bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1939, ó sì jà títí di ọdún 1945. Fágúnwà kúrò ní Ọ̀yọ́, ó ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní Benin, kọ́lẹ́jì Igbóbì ní Èkó sì wà lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1946, ó rí ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ gbà láti ọ̀dọ̀ British Council, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó rí ní ọ̀nà àti ní ọ̀hún ni ó kọ sínú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Ìrìnàjò, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní ọdún 1949, tí apá kejì sì jáde ní ọdún 1951. Ọkùnrin tí ó ti mú àwọn ará ilé wọ igbó iwin tún mú wọn gun ọkọ̀ òkun láìjẹ́ pé wọ́n san owó ọkọ̀.

Ọdún 1949 ni ọdún ìkórè rẹ̀. Nínú ọdún náà ni Igbó Olódùmarè jáde, ìtàn Olówó-ayé tí ó jẹ́ bàbá Àkàrà-oògùn. Ìrèké Oníbùdó náà sì jáde. Ní nǹkan bí àkókò yìí pẹ̀lú ni òun àti L. J. Lewis jọ ṣe àwọn ìwé Táíwò àti Kẹ́hìndé fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré. Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí nìyí. Ọ̀pọ̀ ẹni tí òkìkí rẹ̀ ti kàn kò tún ní fẹ́ jókòó kọ ìwé fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń ka ọ̀rọ̀ kan. Fágúnwà mọ̀ pé ẹni tí kò bá la ojú ọ̀nà fún àwọn ọmọdé kò ní rí òǹkàwé ní ọ̀la.

Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje tẹ̀lé e ní ọdún 1954. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ ìjòyè jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, ìwé sì di ohun tí a ń wá kiri. Láti ọdún 1955 títí di ọdún 1959, Fágúnwà ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìwé títẹ̀ ti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn. Àwọn ìlú Ìgbómìnà bí Àrándùn, Ẹ̀sìẹ́ àti Òmù-Àrán wà ní abẹ́ Ìjọba Àríwá ní ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ààlà tí ìjọba pa kò dí ìwé lọ́nà, nítorí èdè kì í san owó ibodè. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Margaret Wrong ní ọdún 1955, ó sì gba oyè M.B.E. ní ọdún 1959. Ní ọdún 1959 kan náà ni ó di aṣojú ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Heinemann ní Nàìjíríà. Ìtàn gígùn rẹ̀ karùn-ún, Àdììtú Olódùmarè, jáde ní ọdún 1961.

Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tí kò ní àléébù. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ ìwé Fágúnwà wò, irú Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tí ó kọ odindi ìwé lórí wọn ní ọdún 1974, kíyèsí i pé ó fẹ́ràn ìwàásù púpọ̀. Bí ìtàn bá ti ń dùn bọ̀, ó lè dá a dúró, kí ó sì fi ìmọ̀ràn kún ojú ìwé mélòó kan. Àwọn ìtàn náà sì jọ ara wọn ní ọ̀nà púpọ̀, nítorí akọni ni yóò jáde nílé, ewu ni yóò pàdé, ọgbọ́n ni yóò sì bá bọ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni ọkùnrin náà, kò sì fi ìgbà kan gbàgbé pé olùkọ́ ni òun. Ibi tí àléébù rẹ̀ ti wá náà ni agbára rẹ̀ ti wá.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, Fágúnwà wà ní ìrìn-àjò ní ilẹ̀ Núpé. Nígbà tí ó fẹ́ sọdá odò ní agbègbè Bídà, ó ṣubú sínú omi, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Ìròyìn náà dun gbogbo ilẹ̀ Yorùbá wọ inú eegun. Nítorí irú ìwé tí ó kọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà pé ikú lásán ni; oríṣìíríṣìí ìtàn àràmàǹdà ni wọ́n hun yí i ká. Ó ti kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ láti fi ojú inú wo igbó, wọ́n sì fi ojú inú kan náà wo ikú rẹ̀.

Ọjọ́ tí a bá kú ni à ń di ère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ní ọdún 1968, Wọlé Ṣóyínká, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986, túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará òkèèrè sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé Àkàrà-oògùn wọ igbó. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, Amos Tutùọlá ará Abẹ́òkúta ti kọ ìtàn irú igbó bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1952, àwọn tí ó mọ ìwé méjèèjì sì rí ipa ẹsẹ̀ Fágúnwà níbẹ̀. Nígbà tí gbogbo àwọn ènìyàn dúdú péjọ sí Nàìjíríà fún àjọ̀dún FESTAC ní ọdún 1977, eré tí Wálé Ògúnyẹmí kọ láti inú ìrìn-àjò Òkè Láńgbòdó ni Nàìjíríà gbé jáde. Olùkọ́ tí ó jókòó ti fìtílà ní Ọ̀yọ́ kò sí níbẹ̀ láti rí i, ṣùgbọ́n igbó rẹ̀ dé ibẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà nínú ìgbésí ayé yìí? Èkíní ni pé ẹni tí ó ní ojú inú kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọmọ tí ó bá jókòó tí ó ń ronú ohun tí kò tíì sí kò fi àkókò ṣòfò, bí ó bá ti lè dìde ní ìgbẹ̀yìn kí ó mú irinṣẹ́. Èkejì ni pé ojú inú a máa jẹ ohun tí etí bá gbọ́ tí ojú bá sì rí ní ilé. Ẹni tí ó bá kẹ́gàn àlọ́ ìyá rẹ̀, tí kò mọ orúkọ igi tí ó wà lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀, ọwọ́ òfìfo ni yóò fi lọ sí ìdí iṣẹ́. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ẹ̀kẹta ni pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí kò túmọ̀ sí pé kò ṣeé ṣe.

Ọ̀pọ̀ àlá ni ilẹ̀ ń mọ́ bá, tí ó sì ń pòórá bí ìrì. Èyí tí ó bá rí ẹni fi ọwọ́ ṣe é, tí ó sì fi ọdún púpọ̀ tì í lẹ́yìn, òun ni ó ń di ogún fún ọmọ ọlọ́mọ. Irú rẹ̀ ni Fágúnwà fi sílẹ̀ fún Yorùbá, gbogbo ọmọ tí ó bá sì ṣí ìwé rẹ̀ lónìí ni ó ti di ajogún.